Àwo Márùn-ún àti Etí Bàbá Àyàn

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, iná mànàmáná sì ti lọ kí n tó jí. Ìwọ̀nba iná tí ó kù nínú fóònù mi ni mo fi ṣe iṣẹ́ òwúrọ̀ òní, nítorí pé àná ni ó yẹ kí èrò mi lórí "Fuji", àwo orin Adekunle Gold, ti tẹ olóòtú mi lọ́wọ́. Mo ti kọ ọ́ tán, kò kù ju kí n fi í ránṣẹ́ lọ. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ pé kò sí fújì nínú "Fuji". Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, inú mi sì ti ń dùn sí i láti alẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún gbé àwo náà sétí láàárọ̀, ó ṣe mí bí ẹni pé ẹnu mi ni ó yá ju etí mi lọ.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àwo náà jáde. Àwa tí a ti mọ ọkùnrin yìí láti ìgbà "Sade" àti "Orente" mọ̀ pé ohùn rẹ̀ tutù, ó sì dán, kò jọ ohùn híha tí àwọn onífújì fi ń la ọ̀nà láàárín ìlù. N kò lè bá a jà nítorí pé ó yá orúkọ lò. Síkírù Àyìndé Barrister pàápàá, ẹni tí ó sọ wéré tí a fi ń jí àwọn aláwẹ̀ sí sààrì di fújì, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé orúkọ òkè Fuji ti ilẹ̀ Jàpáànù, tí òun rí lára àwòrán kan ní pápákọ̀ òfurufú, ni òun mú. Orúkọ àyálò ni láti ìpìlẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni àkókò. Lójú tèmi, fújì kì í ṣe ìlù nìkan. Fújì ni kí olórin ráyè jókòó, kí ó kí alága, kí ó kí ìyàwó alága, kí ó pa òwe, kí ó ṣàdédé yà síbi tí ẹnikẹ́ni kò rò, kí onílù sì bá a yà síbẹ̀. Ní ayé rẹ́kọ́ọ̀dù, orin kan lè gba ojú àwo kan gbáko láìsú ẹnikẹ́ni. Nínú "Fuji", bí ìlù bá ti ń gbóná báyìí, orin a parí. Mo mọ ohun tí ó fà á. Spotify, ibi tí a ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ka orin kan sí gbígbọ́ àfi tí ènìyàn bá gbọ́ ọ tó ìṣẹ́jú àáyá 30, kò sì sí èrè kankan lórí pé orin ẹni gùn. Ọjà ni ó gé e kúrú, kì í ṣe àìmọ̀kan olórin.

Mo wá gbé "Lungu Boy" ti Asake, tí ó jáde ní ọdún 2024, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Asake kò pe tirẹ̀ ní fújì. Síbẹ̀, nínú "Active", tí òun àti Travis Scott jọ kọ, "Raise da Roof" tí Jazzman Olofin àti Adéwálé Àyúbà kọ ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n lọ fa yọ, ohùn Àyúbà sì wọ inú orin náà bí ẹni tí ó ti mọ ọ̀nà ilé náà tẹ́lẹ̀. Ibi tí fújì gbé wà lára Asake ni ègbè, ohùn rẹpẹtẹ tí ó ń dáhùn bí ẹni pé àdúgbò kan odidi ni wọ́n kó wọ sítúdíò. Ṣùgbọ́n àlejò ti pọ̀ jù nínú àwo yìí. Stormzy dé, Central Cee dé, Ludmilla ti ilẹ̀ Brazil náà dé, èmi sì ń wá onílé kiri. Ti ọdún 2022, "Mr. Money with the Vibe", ni n óò máa gbọ́ lọ.

"Morayo" ti Wizkid kò gba àkókò mi púpọ̀ lónìí. Orúkọ ìyá rẹ̀ tí ó ṣaláìsí ní ọdún 2023 ni ó fi sọ àwo náà, ohùn K1, àgbà onífújì, ni ó sì fi ṣí i. Ohùn yẹn nìkan, pẹ̀lú ariwo òde àríyá tí ó yí i ká, sọ ohun tí ọ̀fọ̀ ń jẹ́ láàárín wa: kí a máa náwó, kí a máa jó, kí omi sì dúró sójú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò pẹ́ tí Wizkid fi padà sí ìfẹ́ àti fàájì tí ó ti mọ̀ ọ́n kọ. Ó dùn, n kò jiyàn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó kàn jẹ́ kí n máa retí ohun tí kò padà wá.

Nígbà tí iná dé ní ọ̀sán, mo so sípíkà ńlá mọ́ ọn, mo sì gbé "Dance, No One's Watching" sí i, àwo tí Ezra Collective ti ìlú London gbé jáde ní ọdún 2024. Ẹgbẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ jáàsì àkọ́kọ́ tí ó gba Mercury, ẹ̀bùn àwo orin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2023, ọmọ Yorùbá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì ni Femi àti TJ Koleoso, tí ọ̀kan ń lu ìlù, tí èkejì ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Mo dé orí "Ajala" ni mo gbọ́ kíkàn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Àyàn ni, ẹ̀gbọ́n onílé wa, tí wọ́n ti fi dùndún jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí apá tó di aro. Mo ti fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ nítorí ariwo.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú, n óò dín in kù."

"Má dín in. Ta ni wọ́n ń kì níbẹ̀ yẹn?"

"Wọn kò ki ẹnikẹ́ni, sà. Fèrè lásán ni. 'Ajala' ni wọ́n pe orin náà."

"Àjàlá tí ó gun alùpùpù káyé? Tí Obey kọrin nípa rẹ̀?"

"Òun náà ni, sà."

Wọ́n jókòó, wọ́n sì ń fi ìka méjì lu apá àga. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Fèrè yìí kò sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ó ń rìn." Láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé lórí orin, n kò ì tíì rí gbólóhùn kan tí ó ṣe àpèjúwe jáàsì àwọn ọmọ London báyìí, mo sì jẹ́wọ́ pé mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí n lè lò ó.

Mo ní kí n dán "Fuji" wò lójú wọn. Orin kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Bàbá Àyàn gbójú sókè. "Ṣé ó ti parí ni? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fìdí mọ́lẹ̀ ni." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ti gbè mí lẹ́sẹ̀. Àfi ìgbà tí a dé orí "Many People", níbi tí Adekunle Gold ti fa orin Yínká Ayéfẹ́lẹ́ yọ. Ojú wọn yí padà. Wọ́n gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ bí a ṣe máa ń kọ ọ́ lóde ìnáwó, nígbà tí ti inú sípíkà sì parí, tiwọn kò parí. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ, ìka ń bá a lọ lórí àga, wọ́n sì fi orúkọ ìyàwó wọn tí ó ti kú sí i. Mo pa sípíkà, mo sì jókòó tì wọ́n.

Ní alẹ́ mo gbọ́ àwo karùn-ún, "Heavier Yet (Lays the Crownless Head)" ti Seun Kuti, tí Lenny Kravitz bá a mójú tó ní ọdún 2024. Orin 6 péré ni, ṣùgbọ́n Egypt 80, ẹgbẹ́ olórin tí Fẹlá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, mọ bí a ṣe ń fún ènìyàn láyè láti fìdí mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni Seun nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1997 tí ó gba ẹgbẹ́ náà. Ìwàásù rẹ̀ a máa sú mi nígbà mìíràn, fèrè rẹ̀ kì í sú mi.

Mo pa ìlà àkọ́kọ́ tèmi rẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Mo fi ìbéèrè Bàbá Àyàn bẹ̀rẹ̀, mo sọ nípa apá àga àti ìka méjì, mo sì kọ ọ́ pé àwo tí arúgbó onílù bá orin rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ó ti parí kò ṣàìní fújì nínú. Kí n tó dùbúlẹ̀ ni olóòtú fèsì pé ó dára, ṣùgbọ́n ó gùn jù, kí n gé e sí ìdajì.