Ariwo tí mo fẹ̀sùn kàn

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa panu mọ́. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ki íàpíìsì tí mo yá lọ́wọ́ àbúrò mi bọ etí, mo tan Vespertine, àwo orin tí Björk, ọmọ ilẹ̀ Iceland, gbé jáde ní 2001. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹnu fóònù ni, látinú mp3 kan tí wọ́n fún títí tó fi kù díẹ̀ kó kú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó ra ojúlówó.

Nínú orin "Aurora", ariwo kan wà tó ń dún ṣàà, ṣàà. Fáìlì ni mo ń dá lẹ́bi látọjọ́ yìí, mo tilẹ̀ máa ń ṣépè fún ẹni tó dà á kọ. Àṣé ẹsẹ̀ ni! Ẹsẹ̀ èèyàn tó ń tẹ òjò dídì mọ́lẹ̀. Àwọn olórin méjì tó ń jẹ́ Matmos, láti San Francisco, ló bá Björk ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n á gba ohùn nǹkan lásán sílẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, ó di ìlù. Káàdì tí wọ́n ń pò wà níbẹ̀, yìnyín tó ń sán náà wà níbẹ̀.

Ohun tó sì pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Björk ti rò tiwa mọ́ ọn. Napster, ibi tí àwọn èèyàn ti ń pín fáìlì orin fúnra wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló gbòde nígbà náà, ó mọ̀ pé orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ti gbọ́ iṣẹ́ òun. Bẹ́ẹ̀, ohun tí mp3 bá rò pé etí ò ní fura sí, yíyọ ló ń yọ ọ́ dànù. Páànù orí dírọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ jìyà, á máa dún bí omi. Ló bá wá ohun èlò tí ohùn wọn kì í tètè bàjẹ́: háàpù, celesta (dùùrù kékeré tó ń lu irin pẹlẹbẹ nínú), àti àpótí olórin.

Àpótí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ahọ́n irin ló wà nínú rẹ̀ bíi ti agídìgbo, àmọ́ irin róbótó oníṣónṣó tó ń yí ló ń ta wọ́n, kì í ṣe àtàǹpàkò. Igi ni àwọn tó ń ṣe é máa ń lò kí ohùn lè rọ̀. Björk kọ̀, pílásítíìkì tó mọ́ gaara ló ní kí wọ́n fi ṣe é, kí ohùn le gan-gan bí omi tó dì. Ẹ gbọ́ "Frosti".

Gbogbo ìwọ̀nyí ló dé ọ̀dọ̀ mi láìfarapa, kódà nínú fáìlì burúkú yẹn. Ẹsẹ̀ nìkan ló sọnù sọ́nà.

Àbúrò mi wá gba íàpíìsì rẹ̀. Mo ní, "Dúró ná, gbọ́ ibí yìí." Ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó fajú ro.

"Ẹ̀gbọ́n mi, fáìlì yín yìí ti bàjẹ́ o."