Bí Mo Ṣe Fi Brasso Pa Ọkọ̀ Ojú Omi Rẹ́

Oṣù tó kọjá ló pé ọdún 15 tí mo ti ń kó ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù ayé àtijọ́ jọ, àti ojúlówó, àti èyí tí wọ́n ń rọ ní Ítálì báyìí. Ẹ̀yin àbúrò tí a jọ ń pàdé ní pápá ìyìnbọn níbí ní Houston ní kí n kọ ohun tí ojú mi ti rí sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ méje ni mo ní lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí yóò gbà.

Èkíní: ẹ fi gíríìsì dí ẹnu ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lára àgbá kékeré tó ń yí lára ìbọn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ki ọta. Ọta gbọ́dọ̀ há débi pé òrùka òjé tín-ín-rín yóò bó kúrò lára rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ẹ ò bá rí òrùka yẹn, ọta yín kéré, iná ihò kan sì lè ràn mọ́ èkejì, kí ìbọn yìn níbi tí ẹ ò rán an sí. Ẹni tó bá sì fẹ́ ki ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín sínú rẹ̀, kó má ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Èkejì: omi gbígbóná àti ọṣẹ, lọ́jọ́ tí ẹ yìn ín gan-an. Ìdọ̀tí ẹ̀tù a máa fa omi, ọ̀rinrin Houston kì í sì í dúró de ìparí ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ má ha ojúlówó. Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Nílé wa, ìtìjú ni kí ìbọn dípẹtà. Èmi ni mo máa ń fi sáńpépà ha ṣakabùlà bàbá mi títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Nítorí náà, nígbà tí mo dé ìlú yìí tí àwọn àgbà òyìnbó ń là mí lọ́yẹ̀ nípa ẹ̀tù, ẹ̀rín ni mò ń rín sínú. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún ọmọ ọdẹ?

Lọ́dún kẹta, mo ra Colt Navy ti 1851, ìbọn ìléwọ́ tí iléeṣẹ́ Colt ní Amẹ́ríkà ṣe, ojúlówó, ní dólà 2,600. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì bára mu látòkè délẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní, “Bí o bá nù ún díẹ̀, á tàn.” Mi ò tíì dárí jì í. Bó bá mọ ohun tó ń sọ, ìkà ni; bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò yẹ kó máa ta ìbọn.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà lára àgbá kékeré tó ń yí yẹn. Colt ní kí wọ́n fín ogun ojú omi sí i: ọkọ̀ ogun Texas tó dojú kọ ti Mẹ́síkò létíkun Campeche ní Mẹ́síkò, pẹ̀lú ọjọ́ ìjà náà, 16 oṣù karùn-ún ọdún 1843, nígbà tí Texas ṣì jẹ́ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀. Fífín náà fẹ́lẹ́ gan-an. Mò ń gbé ní Texas o, mi ò sì mọ̀.

Ìyàwó mi lọ síbi ìkómọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo jókòó sí gáréèjì. Mo kọ́kọ́ mú kànrìnkàn onírin, mo mú sáńpépà, mo wá fi Brasso tí wọ́n fi ń dán idẹ parí rẹ̀. Omi dúdú ń kán sórí ìwé ìròyìn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìbọn ń dán bí abọ́ ìyàwó tuntun. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi nílé. Ó ní ká ní bàbá wa wà láyé ni, inú wọn ìbá dùn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, owó há mí, mo gbé e lọ fún ọ̀gá kan tó ń ra irú rẹ̀. Ó yí àgbá náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un yí, ó gbé e sábẹ́ iná.

“Àwọn ọkọ̀ dà?”

Ó fi idẹ ìdí ìbọn hàn mí. Fàdákà ni wọ́n fi bò ó nígbà tí wọ́n ṣe é, ó sì yẹ kí díẹ̀ ṣẹ́ kù ní kọ̀rọ̀. Brasso mi ti lá a tán. Dólà 700 ló fi lọ̀ mí, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó wá wo nǹkan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìbọn mi, mo lọ sílé.

Ìbọn bàbá mi, ẹran ni wọ́n fi ń pa. Dandan ni ká ha á. Ti Colt yìí kò ní pa ẹran kankan mọ́. Dúdú tí mo pè ní ìdọ̀tí yẹn gan-an ni owó mi. Bí ìpẹtà pupa bá ń jẹ ojúlówó tiyín, ẹ fi òróró rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ dídán lẹ fẹ́, ẹ lọ ra Uberti tàbí Pietta tuntun, àwọn tí wọ́n ń rọ ní Ítálì yẹn, kí ẹ ha á títí ọwọ́ yín á fi bó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín (mi ò ní dárúkọ) gbé ìbọn Remington àtijọ́ wá fi hàn mí, pẹ̀lú agolo Brasso nínú báàgì. Mo gba Brasso náà. Ó wà lórí pẹpẹ ní gáréèjì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Navy. Bí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sí àgbá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, mo ṣì máa ń rí òpó ọkọ̀ kan ṣoṣo.