Òrùka tó há sí mi níka

Òrùka ìgbéyàwó mi ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Mo fi ọṣẹ sí i, mo fi òróró sí i, kò jáde. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín pé ọ̀gá ti ń sanra. Ìyá ọkọ mi ní ọmọkùnrin ni mo lóyún rẹ̀, pé àwọn ló máa ń wú ìyá wọn báyìí. Ẹsẹ̀ mi náà wú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ aláboyún mélòó ni kì í wú? Ọwọ́ àti ojú ló yẹ kó bà mí lẹ́rù: pre-eclampsia, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, ló ń bọ̀.

Oyún àkọ́kọ́ ni, ó ti wọ ọ̀sẹ̀ 35. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà. Tí mo bá jókòó ti ẹ̀rọ, Òkè Olósùnta ni mò ń wò. Lọ́jọ́ yẹn, orí ti ń fọ́ mi láti ìdájí. Mo gbójú sókè kúrò lára aṣọ ẹbí tí mò ń rán, mo rí i tí nǹkan bíi tanátaná ń fò lórí òkè náà. Lọ́sàn-án gangan! Mo dijú, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Mo gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì we nǹkan mọ́ mi lápá láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru: 164 lórí 112. Bó bá ti dé 140 lórí 90 ni wọ́n ti ń fura. Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. "Ìyàwó, oyún kẹlòó nìyí? Ọ̀sẹ̀ mélòó? Ojú ń ṣe bàìbàì? Àyà ń dùn ọ́? Èémí ń há? Inú ń run ọ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ?" Inú bí mi. Ẹ̀fọ́rí ni mo bá wá o! Ó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ mi. Àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ yí sí àwọ̀ ewé lójú mi. Pùrótéènì ti ń jò sínú ìtọ̀.

Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé àwọn ìbéèrè yẹn ní ìṣirò tiwọn. miniPIERS ni wọ́n ń pè é, ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde, fún ibi tí kò sí yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: ó ń fi obìnrin tí ewu lè dé bá láàárín wákàtí 48 hàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fullPIERS ti 2011, ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, kídìnrín, ẹ̀dọ̀; ó tún ń béèrè ohun tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ bí atẹ́gùn ṣe tó lára. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi nígbà tí wọ́n gbé mi dé Adó. Ó yé mi bíi télọ̀: ẹni tó fi ìwọ̀n àyà nìkan gé gáùn, oníbàárà á dá a padà fún un.

Ti ìyá nìyẹn o. Ní ti ọmọ, wọ́n ya àwòrán inú mi, wọ́n wò ó bóyá ó ń dàgbà, wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ìwọ́ kọjá.

Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ni wọ́n fún mi kí gìrì má baà gbé mi. Ooru gbà mí láti ọ̀fun dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì tún gún mi ní ìdí lọ́tùn-ún lósì. Ó dùn mí dé egungun. Wọ́n ń fi òòlù kékeré gbá orúnkún mi, wọ́n ń ka èémí mi, wọ́n ń wọn ìtọ̀ mi. Bí orúnkún ò bá ta mọ́, oògùn ti pọ̀ jù nìyẹn.

Kò sí oògùn tó ń wo àìsàn náà tán bí kò ṣe pé kí ọmọ àti olóbì kúrò nínú. Wọ́n gbẹ̀bí mi lọ́jọ́ kejì: kílò 1.9. Obìnrin ni o, Màmá! Ọjọ́ kẹta, àwọn ará ilé fẹ́ gbé mi lọ sílé láti fi omi gbígbóná wẹ̀ fún mi. Dókítà kọ̀, ó ní gìrì lè dé lẹ́yìn ìbímọ náà.

Mo tún ti lóyún. Láti ọ̀sẹ̀ 12 ni dókítà ti ní kí n máa lo asipirín kékeré lójoojúmọ́. Mo ra ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru. Inú ìwé ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà ni mò ń kọ ọ́ sí. Lánàá, lábẹ́ àyà 42, ìbàdí 46 ti ìyàwó pásítọ̀, mo kọ tèmi: 118 lórí 76.