Méjì Ààbọ̀ Lórí Ìwé Owó-Oṣù Mi

Nígbà tí mo gba ìwé owó-oṣù àkọ́kọ́ mi ní ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé, mo rí nọ́ńbà kan nísàlẹ̀ rẹ̀: 2,50. Mo rò pé owó ni, pé ilé iṣẹ́ jẹ mí ní yúrò méjì ààbọ̀. Mo mú un lọ bá ọ̀gá wa níbi tí a ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní ọjọ́ ni, kì í ṣe owó. Ọjọ́ kọ́ńjé.

Kọ́ńjé tí àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń wí yìí, tí àwọn ará Èkó ń pè ní líìfù, ọdún mẹ́ta ni mo fi ta sìmẹ́ǹtì àti irin lẹ́bàá ọjà Ouando tí n kò fojú kàn án. Kì í ṣe pé òfin kò sí o. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1998 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ méjì fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọjọ́ 24 lọ́dún, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ kó tó lè lọ. Ṣùgbọ́n ìwé wo ni mo fọwọ́ sí? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mú mi lọ bá ọ̀gá, wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ará ilé, ó parí. Bí ara mi kò bá yá, ọ̀gá á ní kí n lọ sinmi. Owó ọjọ́ yẹn wá di ohun tó bá wù wọ́n.

Ní Faransé, wọ́n lè fi oṣù méjì dán òṣìṣẹ́ bíi tèmi wò, wọ́n sì lè ní kó máa lọ láìsọ ìdí. Èmi rò pé ẹni tí wọ́n ṣì ń dán wò kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ìsinmi. Irọ́ ni. Ọjọ́ tó o bá wọlé ni wọ́n ti ń kà á, méjì ààbọ̀ lóṣù, 30 lọ́dún (Sátidé wà nínú ẹ̀ o, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni gbogbo ẹ̀). Láti ọdún 2016, èèyàn lè béèrè pé kí òun lo èyí tó bá ti kó jọ, láìdúró de ọdún kan. Ọmọ Kétu kan tí a jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ kí oṣù ìdánwò ẹ̀ tó pé. Wọ́n ṣírò ọjọ́ ìsinmi tí kò lò mọ́ owó ìkẹyìn tó gbà. Ó ń bínú, ó ń ka owó.

Oṣù kejì tèmi ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé nígbà tí àbúrò mi pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Àgbà ti fi wá sílẹ̀." Mùsùlùmí ni wọ́n; wọ́n ti sin wọ́n kí n tó kúrò níbi iṣẹ́. Ó ku àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

Òfin ibí fún èèyàn ní ọjọ́ mẹ́ta bí ìyá tàbí bàbá bá kú, mẹ́rin bó bá ń gbéyàwó. Ìyá àgbà ńkọ́? Kò sí níbẹ̀. Ẹni tó pọ̀n mí dàgbà! Àfi kí n yọ ọ́ nínú ọjọ́ márùn-ún tí mo ti kó jọ. Ọ̀gá wo kàlẹ́ńdà. Ó ní ọjọ́ mi wà lóòótọ́, àmọ́ òun ló láṣẹ láti sọ ìgbà tí n ó lò ó, àwọn òtẹ́ẹ̀lì sì kún. Kò pariwo, kò bú mi. Nígbà tó yá, ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Kò béèrè orúkọ Ìyá Àgbà.

Mo dé Àjàṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀gá mi àtijọ́ ti jókòó lábẹ́ àtíbàbà, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù tò sẹ́yìn wọn, tàwọn ti aṣọ funfun. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa.

"Ṣé kọ́ńjé ni wọ́n fún ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́rin."

Wọ́n mi orí. "Mẹ́rin péré? Fún Ìyá Àgbà?"

Ó wà lẹ́nu mi kí n sọ pé mẹ́rin yẹn ju gbogbo èyí tí mo gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àpò ìwé tí wọ́n fi owó sí ti wà lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo ti wà ní pápákọ̀ òfurufú Kùtọnu.