Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára Adebayor àti Weah, fún àwọn ọmọ tó ń gbá iwájú l'Óṣogbo

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gbá nọ́ḿbà náìnì l'Óṣogbo níbí àti ẹ̀yin òbí wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Mo gbá iwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ọmọ kéékèèké ni mo ń kọ́ báyìí, ohun tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni Chelsea, Madrid, Arsenal. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ Metz, kúlọ́ọ̀bù kan nílẹ̀ Faransé.

Bẹ́ẹ̀ Metz la ti kọ́kọ́ mọ Emmanuel Adebayor. Lomé ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1984, Tógò ló gbá fún, àmọ́ ẹ gbọ́ orúkọ yẹn ná, tiwa ni. Kúlọ́ọ̀bù yẹn já sí dífíṣọ̀n kejì nílẹ̀ Faransé, kò sá, ó ń jẹ góòlù lọ níbẹ̀ títí wọ́n fi gòkè padà lọ́dún 2003, ìgbà yẹn ni Monaco tó wá mú un, Arsenal ò dé àfi oṣù kìíní ọdún 2006, nígbà tó fi máa di sáà 2007 sí 2008 ó jẹ góòlù 24 nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ni wọ́n bá fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2008.

George Weah, ọmọ Làìbéríà, náà ńkọ́? Kó tó dé Yúróòpù, ó gbá fún kúlọ́ọ̀bù kan ní Kamẹrúùn, Tonnerre ti Yaoundé, kí kóòṣì Arsène Wenger tó mú un lọ sí Monaco lọ́dún 1988. Ọdún 1995 ló gba Ballon d'Or, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, ọmọ Áfíríkà míì ò tíì gbà á títí dòní. Làìbéríà ò sì lọ Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù rí, owó àpò ara ẹ̀ ló tún máa ń ná kí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ẹ̀ lè rìnrìn àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń ròyìn ẹ̀ tí wọn ò ní dárúkọ Tonnerre.

Kúlọ́ọ̀bù tó máa jẹ́ kó o gbá ni kó o wá, má wo orúkọ. Inú máàṣì la ti ń kọ́ṣẹ́ atamátàsé. Tó o bá ń gbá fún ẹgbẹ́ tí ò lágbára, bọ́ọ̀lù lè máà dé ọ̀dọ̀ ẹ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ní odindi ìṣẹ́jú 90, o ò sì gbọ́dọ̀ fi ṣòfò. Ní pápá wa, mo máa ń ní kí dìfẹ́ńdà kan dúró ti ọmọ lẹ́yìn, ká wá gbá bọ́ọ̀lù sí i láyà. Ọmọ tó bá ti bojú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ti mọ ibi tó máa yí sí, á fi àyà gbà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti yí nìyẹn. Èyí tí ò wẹ̀yìn, bí igi ló máa dúró, wọ́n á gbà á lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Èèyàn ò lè kọ́ ìyẹn lórí bẹ́ńṣì, bó ti wù kí búùtù ẹ̀ wọ́n tó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì. Ìyá kan tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba ta fíríìsà ẹ̀ torí ọkùnrin kan ní òun máa mú ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún 15, lọ ṣe tíráyà ní Yúróòpù. Owó lọ, ọkùnrin náà ò gbé fóònù mọ́. Inú bí mi gan-an, torí òfin FIFA ti sọ ọ́ pé kúlọ́ọ̀bù ilẹ̀ òkèèrè ò gbọ́dọ̀ gba ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18, àfi fún àwọn ìdí díẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó tíráyà wá, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kọ́mọ gbá fún Osun United, tàbí kúlọ́ọ̀bù kékeré yòówù tó bá gbà á, ìbáà jẹ́ n'Ílọrin, kó ṣáà máa gbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá wá gbé ìwé kọ́ńtírààtì síwájú yín, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé atamátàsé mélòó ni wọ́n ti ní nílẹ̀, kẹ́ ẹ tó béèrè owó.