“Ìwọ Kọ́ Là Ń Bá Wí”: ohun tí ìbò kọ́ mi

Ọdún 2016 ni mo dìbò Brexit, ìbò bóyá kí Bìrìtéènì jáde nínú Ẹgbẹ́ Yúróòpù (EU), mi ò sì tíì ní páálí òyìnbó nígbà yẹn o, físà ṣì ni mo ń lò. Torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí Bìrìtéènì ti ṣàkóso rí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ni òfin ṣe gbà mí láyè. Obìnrin ará Póláǹdì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kẹ́à, ìyẹn títọ́jú àwọn àgbàlagbà, ó ti ń gbé Dagenham ní London kí n tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ rárá, ó ń san owó orí, ọmọ ẹ̀ ń lọ síléèwé níbẹ̀, àmọ́ òun ò lè dìbò, bẹ́ẹ̀ irú wọn gan-an lọ̀rọ̀ yẹn dá lé. Èmi tí mo ti Ìbàdàn wá ni mo lọ dìbò lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo sì dì í pé kí Bìrìtéènì jáde.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀, torí ó ṣì ń dùn mí. Nígbà kàmpéènì, àwọn tó fẹ́ ká jáde ń sọ fún àwa aláwọ̀ dúdú àtàwọn ará Éṣíà pé àwọn ará Yúróòpù ló gba gbogbo àyè, pé tí wọ́n bá ti tìlẹ̀kùn mọ́ wọn, ọ̀nà á là fáwọn ará Commonwealth, wọ́n tiẹ̀ lọ bá àwọn ará Bangladesh tó ń ta kọ́rì pé ìyẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n lè mú kúùkù wá láti ilé. Bàbá òyìnbó kan tí mo máa ń lọ tọ́jú láràárọ̀ sọ fún mi, bí mo ṣe ń bá a wọ ìbọ̀sẹ̀, pé, “Ìwọ kọ́ là ń bá wí o, ìwọ ń ṣiṣẹ́ ní tìẹ, àwọn Póláǹdì yẹn ni.” Inú mi dùn! Ní Barking àti Dagenham, ó lé ní ìdá 62 nínú 100 àwọn tó dìbò tó ní ká jáde, èmi náà wà níbẹ̀.

Ọdún 2018 lọ̀rọ̀ Windrush bẹ́ jáde, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kó wá láti Jàmáíkà àti erékùṣù ìtòsí ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí òfin sì gbà láyè láti máa gbé ibẹ̀, ìjọba ní kí wọ́n mú ìwé wá, àwọn kan pàdánù iṣẹ́, wọ́n dá àwọn míì padà síbi tí wọn ò mọ ẹnì kankan mọ́. Ará Commonwealth làwọn náà ṣáà.

Nígbà tógun dé Ukraine lọ́dún 2022, ìjọba ń fún ẹni tó bá gbà wọ́n sílé ní 350 pọ́n-ùn lóṣù, ọmọbìnrin bàbá tí mò ń tọ́jú yẹn yọ̀ǹda yàrá kan fún ìyá kan àtọmọ ẹ̀. Ó ṣe dáadáa, mo kí i gan-an. Àmọ́ ọmọ bàbá yìí kan náà ló ń sọ pé kí wọ́n dá àwọn tó ń sá ogun Sudan padà, pé ìyẹn yàtọ̀. Mo bínú délé.

Ẹ wá gbọ́ tèmi. Ní Fẹ́búárì 2023, nínú ìbò ààrẹ Nàìjíríà, Peter Obi tó jẹ́ Ìgbò ní ìbò 582,454 l'Ékòó, Tinubu ní 572,606, bí ara ṣe gbóná nìyẹn kó tó di ìbò gómìnà ní March 18. Ẹ̀gbọ́n mi ní Sùúrùlérè gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp, ó ní káwọn Ìgbò lọ dìbò nílé bàbá wọn. Mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì wa. Obìnrin Ìgbò kan wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ó bi mí pé, “Ìyá Bọ́lá, ṣé èmi náà wà níbẹ̀?” Mo dáhùn kíá pé, “Rárá o, ìwọ kọ́ là ń bá wí, ìwọ ti di tiwa.”

Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tán ni mo rántí ìbọ̀sẹ̀ bàbá yẹn.

Ó ní, “Ìyá Bọ́lá, Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin ń dìbò ní Dagenham.”

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní àwọn Hausa tó wà l'Ágége ńkọ́, àwọn Ẹ̀gùn ńkọ́? Ó ní ìyẹn ò ní wàhálà. Mo bi í títí, mi ò rí ìdí míì ju pé ó gbà pé ẹni tóun fẹ́ làwọn yẹn máa dìbò fún. Rhodes-Vivour tó ń du ipò gómìnà Èkó lẹ́gbẹ́ Obi, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Èkó pọ́ńbélé, wọ́n ní kì í ṣe Yorùbá torí pé Ìgbò nìyá ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé bàbá ọmọ la máa ń kà láyé wa gbogbo, ọjọ́ ìbò la wá rántí ilé ìyá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sí Bìrìtéènì, ohun tí mò ń ṣe báyìí kí n tó dìbò ni pé mo máa ń wo ẹni tí ọ̀rọ̀ ìbò náà máa kàn tí ò sì lè dìbò lórí ẹ̀. Tí olóṣèlú kan bá sì ń yìn mí láti fi bú ẹlòmíì, mo máa ń wá ohun tó sọ nípa tèmi nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Ní March 11, 2024, òfin bẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi físà kẹ́à wọlé ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́, àwa òṣìṣẹ́ kẹ́à tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ní gbogbo Thursday nígbà Kòfídì o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń wẹ̀ fún bàbá yẹn báyìí, ọmọ ọdún mẹ́ta ló fi sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ọmọ bàbá yẹn fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ó sọ fún un pé, “Òfin yẹn dáa, àmọ́ kì í ṣe ìwọ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é.”

Mo lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀, ó gbé mi dìde, ó ní òun ti gbàgbé. Àmọ́ kò pè mí ní Ìyá Bọ́lá mọ́. “Good morning, ma” ló máa ń kí mi báyìí.