Ta lò ń gbé omi kaná dè? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí Kòrónà gba ìje lọ́wọ́ wa

Oṣù kẹta ọdún 2020 ni. Mo wà ní ọ̀sẹ̀ kejìlá nínú ìgbáradì ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún fún màrátọ́ọ̀nù, ìje ẹlẹ́sẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 42. Lọ́jọ́ 11 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn káríayé. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn tó ṣètò ìje wa kọ̀wé pé ó di oṣù kẹwàá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá kìlómítà 30 lọ́jọ́ Àìkú, ara mi le koko. Mo ní mi ò ní jẹ́ kí ara yìí tú, bí mo ṣe wà yìí ni oṣù kẹwàá máa bá mi.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà.

Ńṣe ni mò ń sáré bí ẹni tí ìje rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Kìlómítà 30 tàbí 32 ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, eré àsápajúdé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òkè gígùn lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, eegun ojúgun mi ti òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Oorun ò dá mi lọ́rùn mọ́, ohun tí kò tó nǹkan ń bí mi nínú, eré tí mo ti ń fi ṣeré tẹ́lẹ̀ wá ń mú ọkàn mi lù kì-kì-kì. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí eré yìí pè mí, mo ròyìn fún un, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, ta lò ń gbé omi kaná dè? Àlejò tí kò dá ọjọ́! Omi á gbẹ tán, ìkòkò á tún jó."

Ó yé mi. Torí ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ń to ètò màrátọ́ọ̀nù. Wọ́n á máa fi eré kún eré títí ara á fi dé ṣóńṣó, wọ́n á wá dín in kù ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, kí àárẹ̀ lè lọ kí agbára sì kù. Eré gígùn máa ń dá ọgbẹ́ kéékèèké sí iṣan, ìsinmi ló ń tún un ṣe. Ẹni tí kò bá fún un láyè àtúnṣe, ọgbẹ́ lórí ọgbẹ́ ló ń kó jọ.

Mo sinmi eré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìrìn nìkan ni mò ń rìn. (Ó dùn mí ju ojúgun lọ.) Nígbà tí mo padà, kìlómítà 16 ni eré mi tó gùn jù lọ lọ́sẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù sì jẹ́ èyí tí mo lè fi sọ ìtàn láì mí hẹlẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni mo ń sáré kíkankíkan. Àyè wá yọ fún ohun tí mo ti ń sá fún: kí n dúró lẹ́sẹ̀ kan, kí n máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò. Mo tún ka kìlómítà orí bàtà mi, ó ti lé ní 800. Bàtà eré púpọ̀ kì í ju 500 sí 800 lọ kó tó kú. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ojúgun nìkan ló jẹ̀bi.

Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ni màrátọ́ọ̀nù Boston ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti sún láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án, fagi lé tiwọn pátápátá. Láti 1897 ni wọ́n ti ń sá a. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1918 pàápàá, àwọn ọmọ ogun pín eré náà sá láàárín ara wọn dípò rẹ̀. Ìròyìn yẹn tù mí nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ. Tí Boston ò bá lè dá ọjọ́, ta ni mo ń bínú sí? Ní London, àwọn ògbóǹtarìgì nìkan ló sá a lọ́jọ́ 4 oṣù kẹwàá, wọ́n ń yípo ọgbà St James's Park láìsí èrò. Shura Kitata ọmọ Ethiopia gbẹ̀yẹ láàárín àwọn ọkùnrin, Eliud Kipchoge ọmọ Kenya, ẹni tó yára jù lọ láyé nínú màrátọ́ọ̀nù nígbà náà, ṣe ipò kẹjọ. Àwọn yòókù sá tiwọn níbi tí oníkálukú wà.

Tiwa náà di "sá a níbi tí o wà". Mi ò sá kìlómítà 42 yẹn. Ìdajì rẹ̀ ni mo sá, mo sì sa gbogbo agbára mi. Ọ̀rẹ́ mi kan sá a pé, ó ń yípo àdúgbò, omi rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ sì dùn. Mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, lẹ́yìn kìlómítà 30, nígbà tí ṣúgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ tọ́jú bá ń tán lọ, kò yẹ kéèyàn wà lóun nìkan, pàápàá nígbà tí ilé ìwòsàn kún fọ́fọ́.

Ẹni tí Kòrónà bá sì mú, kó má kánjú padà. Bí àyà bá ń dunni tàbí tí ọkàn bá ń já lù, dókítà ló kàn, kì í ṣe bàtà.

Ní 2021, lẹ́tà mìíràn dé: ọjọ́ ti dájú. Mo ka ọ̀sẹ̀ tó kù, mọ́kànlá ni. Mo gbé omi kaná.